Ẹni Tí Ó Lọ Sí Ìrìn-Àjò, Níbo Ni Yóò Ti Jẹun?

Àwọn àgbà a máa wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn tún wọ̀ ọ́. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ ní ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ ní ẹ̀yìn odi. Lọ́dọọdún ni àwọn ènìyàn wa ń rékọjá òkun: àwọn kan ń lọ kàwé, àwọn kan ń lọ rajà, àwọn mìíràn ń lọ gba ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá àti ìyá tí ń lọ wo ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn kò lóǹkà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń jíròrò lórí ìwé ìrìnnà, owó ọkọ̀ òfúrufú àti aṣọ òtútù. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, tí wọn yóò máa wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ni wọ́n ń fi sílẹ̀ de ọjọ́ tí ebi bá pa wọ́n. Àwa kò rò pé èyí bá ọgbọ́n mu.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀fun lásán ni a gbé wá sí ojú ewé tí a fi ń jíròrò ọ̀ràn ìlú. Nǹkan mẹ́ta ni ó rọ̀ mọ́ ibi tí àlejò ti ń jẹun: iyì rẹ̀, owó àpò rẹ̀, àti ìlera ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá pàdánù ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní ìlú àjòjì, yóò pẹ́ kí ó tó gbàgbé. Nítorí náà a ó gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti iyì, ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ènìyàn dúdú tí ó wà lórí ìrìn-àjò kì í béèrè pé, “Níbo ni oúnjẹ ti dùn?” Ohun tí ó ń béèrè ni pé, “Níbo ni wọn yóò ti gbà mí wọlé?” Ní oṣù kẹwàá ọdún 1957, oṣù méje péré lẹ́yìn tí Gánà gba òmìnira, Komla Agbeli Gbedemah, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó orílẹ̀-èdè náà, yà sí ilé oúnjẹ kan ní ìlú Dover, ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà, láti mu omi ọsàn. Wọ́n ta omi ọsàn náà fún un, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ jókòó mu ún níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo káàkiri. Ààrẹ Eisenhower fúnra rẹ̀ ni ó pe mínísítà náà wá jẹun òwúrọ̀ ní ilé ìjọba láti fi tù ú nínú. Bí a bá lè ṣe báyìí sí mínísítà, kí ni a óò sọ nípa akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹni tí yóò pè é sí ilé ìjọba?

Ìwé méjì kan wà tí ó yẹ kí a fi wé ara wọn. Ní ọdún 1900, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, André àti Édouard Michelin, tí wọ́n ń ṣe táyà, tẹ ìwé kékeré kan jáde. Wọ́n ń pín in fún àwọn onímọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn onímọ́tò lè máa rìn jìnnà, kí táyà sì lè máa jẹ. Láti ọdún 1926 ni ìwé náà ti ń fi ìràwọ̀ sí ara orúkọ ilé oúnjẹ tí ó bá dára. Ní ọdún 1936, Victor Hugo Green, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kan tí ń gbé ní Harlem ní ìlú New York, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé tirẹ̀ tí a mọ̀ sí Green Book. Kò fi ìràwọ̀ sí i. Ohun tí ó ń tò sínú rẹ̀ ni orúkọ ilé oúnjẹ, ilé ìtura àti ilé epo tí kì í lé ènìyàn dúdú padà. Ìwé àwọn Michelin ń wá adùn. Ìwé Green ń wá ààbò. Ní ọdún 1964 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì kọ̀ ọ́ ní ọdún 1965. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni a dẹ́kun títẹ ìwé Green.

Nítorí náà, ẹni wa tí ó bá jókòó sídìí tábìlì ní òkèèrè lónìí, orí ìjókòó tí àwọn ẹlòmíràn jà fún ni ó jókòó lé. Kò yẹ kí ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí a ṣe lóore. Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè iye owó kí ó tó jẹun, ó ní ẹ̀tọ́ láti dá oúnjẹ tí kò jinná padà, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dìde kí ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ bí ibẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ojú ń tì láti ṣe èyí. Ẹni tí ojú ń tì ni olóúnjẹ aláìṣòótọ́ sì ń wá.

Ní ti owó, àwa náà ti jẹ ìyà àìmọ̀ rí. Ní ọjọ́ kan, ní ìlú ńlá kan ní Yúróòpù, ebi pa wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin àtijọ́ kan tí àwọn àlejò ń wọ́ lọ wò. Ọkùnrin kan tí ó wọ ẹ̀wù funfun dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ kan, ó ń pe àwọn èrò wọlé. Àwòrán oúnjẹ wà lára ògiri, àkọlé sì wà ní èdè mẹ́fà, ṣùgbọ́n iye owó kò sí níbẹ̀. A wọlé. Oúnjẹ tí wọ́n gbé wá gbóná ní etí, ó tutù ní àárín. Nígbà tí ìwé owó dé, a rí i pé wọ́n ti ka búrẹ́dì tí a kò béèrè, àti àyè tí a jókòó sí, mọ́ wa lọ́rùn. Ní ìrọ̀lẹ́, akọ̀wé kan ní ilé ìtura wa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì júwe òpópónà kan fún wa lẹ́yìn ààfin kan náà. Ibẹ̀ ni a ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà jẹ àjẹyó, owó tí a san kò sì tó ìdajì ti ọ̀sán. Àṣé òótọ́ ni pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

Òwe wa sọ pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ tí owó pa ni ó dùn. Ní ibi tí àwọn àlejò pọ̀ sí, owó ilẹ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀ ni ènìyàn ń san, kì í ṣe owó ẹran. Ẹ jẹ́ kí a wo gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ń se oúnjẹ fún àlejò tí kò ní padà wá mọ́, bí ó bá sè é re, bí ó bá sè é burúkú, ọjà rẹ̀ yóò tà, nítorí àlejò tuntun yóò dé ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń se oúnjẹ fún ará àdúgbò, bí ọbẹ̀ rẹ̀ bá kan lónìí, yóò jókòó ti ìkòkò rẹ̀ ní ọ̀la. Nítorí náà, ibi tí ará ìlú bá pọ̀ sí ní wákàtí oúnjẹ ni kí àlejò lọ. Ẹ̀rí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn jẹ́ sàn ju èyí tí a fi kíkùn kọ sára ògiri lọ.

Ó dára kí a mọ òfin ìlú tí a lọ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin pa á láṣẹ pé kí ilé oúnjẹ lẹ orúkọ oúnjẹ àti iye owó wọn mọ́ ìta, kí ènìyàn lè kà á kí ó tó wọlé. Owó iṣẹ́ agbáwo ti wà nínú iye tí a kọ síbẹ̀. Omi ẹ̀rọ àti búrẹ́dì tí a fi jẹun kì í ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí àlejò bá sọ pé omi inú ìgò gíláàsì lásán ni òun ń fẹ́, kì í ṣe èyí tí a ń tà. Ní ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ níbẹ̀ a máa dá iye kan lé oúnjẹ bíi méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀, èyí tí ó rọjú ju ti alẹ́ lọ. Ọlọ́gbọ́n arìnrìn-àjò a jẹ ọ̀sán rẹ̀ yó, a sì fi ohun fúyẹ́ lé alẹ́ lọ.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé oúnjẹ mìíràn a máa fi owó iṣẹ́ lé ìwé owó, ó sì sábà máa ń jẹ́ 12.5 nínú 100. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìfẹ́ inú ni, àlejò lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò bí iṣẹ́ náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni òfin sì ti pàṣẹ pé gbogbo owó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tí ó ni ilé oúnjẹ fi lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Japan ẹ̀wẹ̀, agbáwo kì í retí irú owó bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì lè sáré tẹ̀lé àlejò láti dá a padà.

Ìlera ni a wá kàn báyìí, òun sì ni ó wúwo jù. Láti ọdún 2010 ni àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi máàkì fún ilé oúnjẹ, láti òdo títí dé 5. Wọ́n a wo bí a ti ń fọwọ́ kan oúnjẹ, bí a ti ń sè é, bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù. Wọ́n a wo ilé, omi àti ibi ìfọwọ́. Wọ́n a sì wo ìwé tí ọ̀gá ibẹ̀ fi ń ṣàkóso iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá gba 5 ni ó peregedé. Ní Wales, láti ọdún 2013 ni òfin ti ní kí a lẹ máàkì yìí mọ́ ẹnu ọ̀nà, yálà ó dára ni o, yálà kò dára ni o. Ní ìhà àríwá Ireland, láti ọdún 2016 ni. Ní England kò tíì di dandan, nítorí náà ilé tí ó gba 1 lè fi tirẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè wò ó kí ó tó wọlé. Kí ó yé wa pé máàkì yìí kò sọ nípa adùn. Ohun tí ó ń sọ ni pé, bí o bá jẹun níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí o jí láàárọ̀ láìsí inú rírun.

Ṣùgbọ́n ìlú tí ó yẹ kí gbogbo wa fi ṣe àríkọ́gbọ́n ni Singapore. Ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn, etí títì ìlú náà kún fún àwọn olóúnjẹ tí ń dáná lẹ́bàá gọ́tà, tí wọ́n ń fi omi garawa kan fọ abọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ìjọba wọn lè lé wọn kúrò kí ó sì sọ pé òun tún ìlú ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1968 sí 1969, wọ́n kọ orúkọ àwọn olóúnjẹ náà sílẹ̀. Láàárín ọdún 1971 sí 1986, wọ́n kọ́ àwọn ọjà oúnjẹ tí ó ní òrùlé, omi ẹ̀rọ, iná àti ojú ìṣàn fún omi ìdọ̀tí, wọ́n sì kó wọn wọ ibẹ̀. Ní ọdún 1997, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà A, B, C àti D ṣe àmì ìmọ́tótó, kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ rí i lẹ́nu ìsọ̀.

Lónìí irú ọjà bẹ́ẹ̀ lé ní 100 ní ìlú náà. Ibẹ̀ ni ará China, ará Malay àti ará India ti ń ta oúnjẹ ìlú wọn lábẹ́ òrùlé kan náà, tí ọ̀gá ọ́fíìsì àti birikìlà sì ń jẹun ní tábìlì kan. Ní ọdún 2016, ìwé Michelin fi ìràwọ̀ fún ìsọ̀ olóúnjẹ méjì ní ìlú náà, ọ̀kan sì wà níbẹ̀ tí ń ta ìrẹsì àti adìẹ ní nǹkan bí dọ́là Singapore méjì. Ní ọdún 2020, UNESCO kọ àṣà oúnjẹ yìí mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ẹ̀dá. Bí ẹni wa bá débẹ̀, kí ó wo ìsọ̀ tí ìlà oníbàárà rẹ̀ gùn jù, kí ó sì tò sí ẹ̀yìn. Bí ó bá rí páálí bébà ìnuwọ́ kékeré lórí tábìlì, kí ó má ṣe jókòó síbẹ̀, nítorí ẹnìkan ni ó fi gba àyè de ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá sì jẹun tán, kí ó kó abọ́ rẹ̀ lọ sí ibi tí a ń kó o sí, nítorí láti ọdún 2021 ni ìjọba ti ń fi òfin mú ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀.

Ibì kan kù tí a kò gbọdọ̀ fò, nítorí ẹ̀jẹ̀ wa ni. Ní ìlú Salvador, ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, ọmọ Yorùbá kò ní láti béèrè ibi tí òun yóò ti jẹun lọ títí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òórùn epo pupa yóò pè é. Yóò rí obìnrin tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó wé gèlè, tí ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ọrùn rẹ̀, tí ó jókòó ti agbada epo gbígbóná. Ohun tí ó ń dín ni wọ́n ń pè ní “acarajé”. Àkàrà wa ni, tí wọ́n so “jẹ” mọ́ ọn. Ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀, tí a lọ̀, tí a fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí, ni wọ́n ń dín bí àwọn ìyá wa ti ń dín in. Wọ́n a là á sí méjì, wọ́n a fi edé gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n a fi “caruru” tí ó jẹ́ ọbẹ̀ ilá sí i, àti “vatapá” tí ó kún fún edé, àgbọn àti epo. Obìnrin náà yóò wá béèrè bóyá gbígbóná ni oníbàárà ń fẹ́ tàbí tútù. Kì í ṣe iná ni ó ń wí o, ata ni. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ èyí tí a dín, “abará” wà níbẹ̀: ẹ̀wà kan náà tí a pọ́n sínú ewé, tí a sè bí ọ̀ọ̀lẹ̀.

Ọjà ẹrú ni ó gbé oúnjẹ yìí lọ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rù kò ní ìwé lọ́wọ́, wọn kò ní aṣọ méjì. Ṣùgbọ́n wọ́n rántí bí a ti ń lọ ẹ̀wà, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ wọn. Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti ọdún 2014 ń bọ̀, wọ́n gbọ́ pé a kò ní jẹ́ kí wọ́n tajà ní pápá Fonte Nova. Wọn kò jókòó sunkún. Ẹgbẹ́ wọn fohùn ṣọ̀kan, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, a sì gba àwọn kan nínú wọn láyè láti tajà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá mọ ohun tí ó ń jà fún kì í pàdánù lásán.

Bákan náà, ọ̀nà ti ń là fún oúnjẹ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá dé Peckham tàbí Old Kent Road yóò rí iyán, àmàlà àti ọbẹ̀ ata, yóò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Ní ọdún 2024, Adejoké Bakare, obìnrin wa tí ń se oúnjẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ilé oúnjẹ rẹ̀ tí ń jẹ́ Chishuru, gba ìràwọ̀ Michelin. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí kò rí wa nígbà ayé Green ti wá ń ka orúkọ wa síta. Ṣùgbọ́n a kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó rékọjá òkun kí ó sì máa jẹ àmàlà nìkan. Ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun.

Ẹ jẹ́ kí a wá kó ọ̀rọ̀ náà jọ fún ẹni tí ń palẹ̀ mọ́. Èkínní, rìn jìnnà díẹ̀ sí ibi tí àlejò ń wọ́ lọ, kí o sì jẹun níbi tí ará ìlú ń jẹun. Èkejì, bi olùtọ́jú ilé ìtura, awakọ̀ tàbí olùkọ́ ìlú náà léèrè, má ṣe bi í pé “Níbo ni ó dára fún àlejò?” bi í pé “Níbo ni ìwọ alára ti ń jẹun?” Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀kẹta, ka iye owó kí o tó jókòó. Ẹ̀kẹrin, wá àmì ìmọ́tótó; níbi tí kò bá sí, jẹ ohun tí ó ń hó níwájú rẹ, bó èso rẹ fúnra rẹ, má sì mu omi tí ìwọ kò mọ orírun rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kọ́ orúkọ oúnjẹ márùn-ún àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ní èdè ìlú náà. Bí oúnjẹ kan bá wà tí ara rẹ tàbí ìgbàgbọ́ rẹ kọ̀, kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní èdè wọn, kí agbáwo lè kà á.

A kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀. Bí a ti ń wá ibi rere jẹun nílé onílé, níbo ni àlejò yóò ti jẹun ní ilé tiwa? Ẹni tí ó bá dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́ ní ọ̀sán gangan, àmì wo ni yóò wò kí ó tó wọ bùkà? Ọbẹ̀ wa dùn, ọwọ́ àwọn olóúnjẹ wa sì mọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń pọn omi láti ọ̀nà jíjìn, tí gọ́tà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò wọn. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé 600 mílíọ̀nù ènìyàn ni oúnjẹ aláìmọ́ ń sọ di aláìsàn lọ́dún ní gbogbo ayé, tí 420,000 nínú wọn sì ń kú, àti pé Áfíríkà ni ọwọ́ rẹ̀ bà jù. Àwọn òbí wa mọ wolé-wolé, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀. Àwa ń fẹ́ kí ó padà wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti fi ẹsẹ̀ tú ìkòkò àwọn ìyá wa dànù. Kí ìjọba ìbílẹ̀ fa omi dé ibi tí wọ́n ti ń tajà, kí ó kọ́ òrùlé, kí ó gbẹ́ ojú ìṣàn. Lẹ́yìn náà kí wolé-wolé fi máàkì fún oníkálukú, kí a sì gbé e kọ́ sí ibi tí gbogbo ojú yóò ti rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí olùdíje bá wá bá yín nítorí ìbò káńsẹ́lọ̀, ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè fìlà àti àpò ìrẹsì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé yín, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ra oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ kọ́ wọn láti wo ọwọ́ olóúnjẹ, ìdérí ìkòkò àti omi tí a fi fọ abọ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ èyí ní ilé yóò mọ ibi tí yóò jókòó sí nígbà tí ó bá dé Paris tàbí Bahia. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.